Katakata Àtijọ́ Tí Kì í Sítáàtì Láàárọ̀ Ọyẹ́: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kìṣí, ẹjọ́ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní katakata: ó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá, ó fa tírélà ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń yí, ó ń yí, kò dìde. Tí oòrùn bá wá mú díẹ̀, tàbí tí wọ́n bá fi katakata mìíràn fà á, ó dìde, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ títí di alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹjọ́ tún di ọ̀tun.

Ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó gbóná, tó wá ń kọ̀ nígbà tó tutù, kò tíì kú. Ohun kan ló ṣàìtó nínú mẹ́ta tí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì fi ń jí, kò sì yẹ kí a tú nọ́ọ̀tì kankan kí a tó mọ èyí tó ṣàìtó. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé pọ́ńpù ńlá tó ń fún nọ́sù lépo ni ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì máa ń kọ́kọ́ tú, òun ló sì wọ́n jù láti tún ṣe. Ẹ ó rí i níwájú pé nínú irú ẹjọ́ yìí, pọ́ńpù náà ló yẹ kí a fura sí kẹ́yìn.

Massey Ferguson àtijọ́ ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ: MF 135 àti MF 240 tí wọ́n ní ẹ́ńjìnì Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta, MF 165 àti MF 265 tí wọ́n ní ti sìlíńdà mẹ́rin. Ẹni tó ní irú mìíràn lè tẹ̀ lé ìlànà náà, kó kàn mọ̀ pé ibi tí sìkúrù àti páìpù wà lè yàtọ̀.

Ohun mẹ́ta tó ń jí i

Dísẹ́ẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ni písítìnì ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo tí nọ́sù bá fọ́n sínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Nínú àwọn Perkins wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ yẹn ń kó sínú àyè tí kò ju ìdá kan nínú 16 lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ kéré sí i. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí wọ́rọ́wọ́rọ́, ooru náà á ti sá sínú irin tútù, afẹ́fẹ́ á sì ti jò gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì kí epo tó dé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí kíákíá, epo gbọ́dọ̀ dé nọ́sù láìsí afẹ́fẹ́ nínú páìpù, ooru inú sìlíńdà sì gbọ́dọ̀ tó. Gbogbo àyẹ̀wò tó kù wà lábẹ́ mẹ́ta yìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ fi bíréèkì ọwọ́ dúró, ẹ yọ jíà kúrò, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, ẹ sọ ohun èlò tó bá gbé sẹ́yìn kalẹ̀. Orí àga nìkan ni ká ti máa sítáàtì katakata. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí wọ́n á fi sukudírẹ́fà kan irin méjì pọ̀ lára sítátà. Bí jíà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dìde, táyà ńlá ẹ̀yìn á gorí ẹni náà kó tó lè sún. Ó ti pa ènìyàn lọ́pọ̀ ilẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ tàbí ṣíwíìṣì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pe rẹ́wáyà kó tún un ṣe.

1. Ẹ tẹ́tí sí sítátà

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó ràn, nítorí ìgbà tí àìsàn náà bá wà nílé ló ṣeé yẹ̀ wò. Tí ó bá dún ‘tá’ lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, tàbí tó ń yí bí ẹni tó rẹ̀, ẹ má tíì ronú nípa epo rárá. Iná ni ẹ ń wá.

Báàtìrì tó kún dáadáa tó sì ti sinmi mọ́jú yẹ kó wà ní fólítì 12.6 lórí mítà. Tí kò bá tó 12.4, ẹ gbé e lọ ṣáájì kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa wo mítà bí sítátà ṣe ń yí: bí fólítì bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, tí báàtìrì náà sì kún tẹ́lẹ̀, ó ti ń kú, tàbí kó jẹ́ pé ó kéré jù fún iṣẹ́ náà. Báàtìrì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lè sítáàtì katakata lọ́sàn-án, tó bá gbóná, kó sì já yín kulẹ̀ láàárọ̀. Òtútù ń gba agbára lọ́wọ́ báàtìrì ní àkókò kan náà tó ń mú kí ọ́ìlì ki. Báàtìrì 100 (èyí tí wọ́n kọ 100Ah sí lára) ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n rà, kó má kéré sí i.

Okùn iná tún wà. Ẹ tú orí báàtìrì, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ti odì, èyí tó wọ ara irin katakata. Ẹ fi omi gbígbóná fọ funfun tàbí àwọ̀ ewé tó bá ti hù sí i, ẹ fi sáńdípépà ha á títí yóò fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi gírísì kùn ún lókè. Ibi tí okùn odì ti so mọ́ ara irin, ẹ tú òun náà. Ìpẹtà àti ọ̀dà abẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn ń dí iná lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba mítà: ẹ yí sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan orí okùn kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ni iná ti ń ṣòfò. Tí okùn náà bá gbóná láti òkè dé ilẹ̀, ó tín-ín-rín jù, ẹnì kan ti fi okùn ọkọ̀ kékeré rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má yí sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ẹ tó tún un yí. Kí ẹ sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sítáàtì, kí ẹ́ńjìnì má baà máa yí ọ́ìlì tútù inú jíà mọ́ ti ara rẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pàápàá wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ṣì ń lo ọ́ìlì 40 lásán, tí kò ní W kankan lára nọ́ńbà rẹ̀, ní ìgbàgbọ́ pé ó ki, ó sì ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì tó ti gbó. Ẹ fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ lóru ọyẹ́ kí ẹ wo bó ṣe ń kán: bí oyin ni. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ já a kó tó yí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí 15W-40 tó jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó fúyẹ́ láàárọ̀, ó sì ń dúró nígbà tí ooru bá dé.

2. Ẹ wo èéfín

Tí sítátà bá ń yí kíákíá tí kò sì dìde, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sórí àga, kí ẹlòmíràn dúró síbi tó ti lè rí ẹnu sàléńsà. Èéfín yìí ló ń sọ ibi tí ẹ máa gbà. Ó wúlò ju gbogbo sípánà inú àpótí lọ.

Bí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé nọ́sù. Ẹ kọ́kọ́ wo okùn tí ẹ fi ń pa ẹ́ńjìnì: ṣé ó ti padà wọlé pátápátá? Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń há sí àárín nítorí ìpẹtà tàbí eruku, tí epo á sì wà ní títì. Ẹ wo kíràn abẹ́ táǹkì, ìyẹn ẹnu tí a fi ń ṣí epo tàbí tì í, bóyá ó ṣí. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Bí èéfín funfun bá ń yọ, tó ń ta ojú, tó ń rùn bí epo tí kò jóná, epo ń dé ṣùgbọ́n ooru kò tó láti sun ún. Ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹta, kí ẹ lọ sí ìkẹrin.

Bí ó bá dúdú, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ẹ ṣí fíltà afẹ́fẹ́. Nínú ọyẹ́, eruku máa ń sọ ọ́ìlì inú fíltà oní-ọ́ìlì di ẹrẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ fọ àwo náà, ẹ rọ tuntun dé ojú àmì, kó má kọjá rẹ̀.

3. Epo tó ń pòórá lóru

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni èyí. Lára pọ́ńpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì, ọwọ́ irin kan wà tí a fi ń pọ́ńpù. Láàárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ pọ́ńpù rẹ̀ dáadáa títí yóò fi le lọ́wọ́ yín. Tí katakata bá dìde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, tí kì í sì í dìde bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ ti mú olè náà: afẹ́fẹ́ ń wọlé, tàbí pọ́ńpù kékeré ti rẹ̀. Tí ọwọ́ irin náà bá ń lọ ń bọ̀ láìfa ohunkóhun, ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹ́ńjìnì dúró sí ló gbé e sókè. Ẹ yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún gbìyànjú.

Lórí MF, òkè ẹ́ńjìnì ni táǹkì wà, nítorí náà ibi tó bá ń jò sábà máa ń tutù fún epo, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ nu gbogbo oríkèé páìpù gbẹ lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Lórí katakata tí táǹkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, epo á padà sí táǹkì lóru, afẹ́fẹ́ á sì gba ọ̀dọ̀ wáṣà tàbí páìpù tó sán wọlé, láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀ tí ẹ lè rí.

Ẹ tú páìpù tó wọ pọ́ńpù kékeré, kí ẹ ṣí kíràn. Epo gbọ́dọ̀ tú jáde. Tó bá ń kán tó, tó, tó, ìdọ̀tí ti dí ẹnu táǹkì. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì náà: tó bá mí bí ẹ ṣe ṣí i, ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí. Ẹ tú omi kúrò nísàlẹ̀ fíltà epo. Dísẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì sábà máa ń ní in. Ẹ máa rọ epo kún táǹkì nírọ̀lẹ́, nítorí ara táǹkì tó ṣófo ni ìrì máa ń dì sí lóru.

Ní Yúróòpù, òtútù lè mú kí dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ dì, kó sì dí fíltà. Ọyẹ́ wa kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ epo nítorí ọyẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Ara dísẹ́ẹ̀lì ni pọ́ńpù ti ń rí ohun tó ń mú un yọ̀; kẹrosíìnì kò ní in tó.

Bí ẹ bá ti tú ohunkóhun nínú ọ̀nà epo, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde, báyìí:

Ẹ ṣí kíràn, ẹ ti okùn ìpa-ẹ́ńjìnì wọlé, ẹ fún un níná dé òpin (ẹ fa ọwọ́ tó ń mú ẹ́ńjìnì sáré dé òpin). Ẹ tú sìkúrù orí fíltà díẹ̀, ẹ pọ́ńpù títí epo tí kò ní ìfófó fi jáde, ẹ dè é. Lára pọ́ńpù ńlá, sìkúrù méjì ló wà: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ tú méjèèjì díẹ̀, ẹ pọ́ńpù. Nígbà tí epo bá mọ́, ẹ kọ́kọ́ de ti ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ti òkè. Ẹ wá tú nọ́ọ̀tì páìpù lórí nọ́sù méjì, kí ẹnì kan yí sítátà títí epo yóò fi máa tú jáde láìsí afẹ́fẹ́. Ẹ dè wọ́n, kí ẹ sítáàtì. Ẹ má ṣe fi ìka wá ibi tí epo ti ń tú lára nọ́sù tàbí páìpù rẹ̀. Agbára rẹ̀ tó láti gún awọ ara wọlé, ẹni tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ojú ihò abẹ́rẹ́ lásán ló rí. Wáṣà kọ́pà tí ẹ bá yọ, ẹ fi tuntun sí i.

4. Thermostart, tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé

Lára irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ orí ẹ́ńjìnì, ẹ ó rí nǹkan kékeré kan tí okùn iná kan àti páìpù epo tín-ín-rín wọ̀. Thermostart nìyẹn. Tí iná bá wọ̀ ọ́, wáyà inú rẹ̀ á pọ́n, ooru á ṣí ẹnu epo kékeré kan, epo á kán sí i, á sì gbiná. Iná yẹn ló ń yá afẹ́fẹ́ gbóná kó tó wọ sìlíńdà.

Katakata tó ti dàgbà, tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, sábà máa ń ní okùn yìí ní jíjá, tàbí kí wọ́n ti tẹ páìpù rẹ̀ pa. Nígbà ooru kò sẹ́ni tó mọ̀. Nínú ọyẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ di ti pọ́ńpù.

Bí a ṣe ń lò ó: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi ìgbóná, tó wà ṣáájú ibi sítáàtì, ẹ dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ẹ fún un níná dé òpin, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá yí i dé sítáàtì. Ẹni tó bá ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ tààrà kò tíì lo Thermostart rí. Ẹ gbìyànjú ìyẹn kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Láti dán an wò, ẹ yọ rọ́bà tó so fíltà afẹ́fẹ́ mọ́ irin náà, kí ẹnì kan di kọ́kọ́rọ́ mú síbi ìgbóná. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi ojú sẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí pẹtiróòlù wà nítòsí. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 ó yẹ kó pọ́n, tí wọ́n bá sì yí sítátà, iná á jó. Bí kò bá pọ́n, rẹ́wáyà ló ni ín: okùn, ṣíwíìṣì tàbí Thermostart fúnra rẹ̀. Bó bá pọ́n tí iná kò jó, ẹ tú páìpù tín-ín-rín náà kí ẹ rí i pé epo wà lẹ́nu rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má fi akísà tí a rì sínú pẹtiróòlù sẹ́nu fíltà afẹ́fẹ́, ẹ má fọ́n íítà, oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnì, sí i. Bí Thermostart bá ń jó, ẹnu yẹn máa bú gbàmù. Kódà tí kò bá ṣiṣẹ́, pẹtiróòlù àti íítà máa ń gbiná kí písítìnì tó débi tó yẹ, ríǹgì a sì kán. Ẹ má dáná sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ́ìlì tó ti kán sára irin láti ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀, okùn iná sì wà lókè. Bí iṣẹ́ bá ń kán yín lójú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà, tí kò hó, ni kí ẹ fi rọ́pò omi inú rédíétọ̀, kí ẹ sì gbé báàtìrì wọlé sùn.

5. Bí ó bá ku èéfín funfun síbẹ̀

Ẹ wo àlàfo fáfù, ìyẹn àyè kékeré tó wà láàárín orí fáfù àti irin tó ń tẹ̀ ẹ́. Lórí àwọn Perkins yìí, mìlímítà 0.30 ni nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Fáfù tí àlàfo rẹ̀ ti tán kò ní padé dáadáa, afẹ́fẹ́ á sì máa jò. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni láti tún un ṣe, kò sì ná yín ju owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tó bá ti dìde tó sì gbóná, ẹ ṣí ibi tí ẹ ń rọ ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, tó sì ń jẹ ọ́ìlì, ríǹgì àti sìlíńdà ti jẹ. Ìyẹn ti di títú ẹ́ńjìnì, kò sí ọgbọ́n òwúrọ̀ tó lè wò ó sàn. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó máa ń lu kọ̀, kọ̀, kọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dìde, nọ́sù kan ló ń dà epo dípò kó fọ́n ọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, pẹ̀lú akísà lórí rẹ̀, kí ẹ sì dè é padà. Èyí tí ẹ tú tí ìró ẹ́ńjìnì kò yí padà ni ẹ máa gbé lọ fún àwọn tó ń ṣe nọ́sù.

Pọ́ńpù ńlá ló kẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì rèé. Pọ́ńpù CAV DPA tó wà lórí àwọn MF yìí, tí inú rẹ̀ bá ti jẹ, nígbà tó bá gbóná ló sábà máa ń kọ̀: dísẹ́ẹ̀lì gbígbóná fúyẹ́, ó sì ń sá gba ibi tó ti jẹ. Tirẹ̀ ni pé ẹ pa ẹ́ńjìnì lọ́sàn-án, ẹ jẹun tán, kò dìde mọ́ àfi tó bá tutù. Òdìkejì ohun tó ń ṣe katakata tiyín nìyẹn. Bí mẹ́káníìkì bá ṣì ní dandan òun á yọ ọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín pé sítátà ń yí kíákíá, pé epo tí kò ní afẹ́fẹ́ ń dé ẹnu pọ́ńpù náà, àti pé Thermostart ń jó. Tó bá sì di yíyọ ní tòótọ́, kí ó rí i pé ilà tó wà lára pọ́ńpù àti lára irin tó dè é mọ́ hàn ketekete kó tó tú bóòtì. Ibi tí ilà méjèèjì ti dojú kọra gan-an ni kó dá a padà sí, nítorí bó bá sún díẹ̀ pẹ́rẹ́, àkókò tí epo ń wọlé á yí padà, òwúrọ̀ á sì tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.